Láfún Òru Kan

Nígbà tí Dúróoríkẹ́ bì lẹ́ẹ̀kejì, Adétutù fi aṣọ kakí tó ń rán sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sáré lọ bá a ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ ń yí, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Ọmọ tó ń lé ewúrẹ́ kiri láàárọ̀.

Ìyá ọkọ Adétutù, Lábíkẹ́, tó ti Òṣogbo wá bá wọn gbé, ti gbé epo pupa dé. Ó rọ díẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu, epo náà tún ṣàn jáde. Ó yíjú sí Adétutù.

"Ìyàwó, ọjọ́ mélòó lo fi rẹ ẹ̀gẹ́ tí o fi ṣe láfún tá a jẹ lọ́sàn-án yìí?"

"Ọjọ́ mẹ́rin ni, Màmá."

Irọ́ ni. Òru kan péré ni ẹ̀gẹ́ náà fi wà nínú omi.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Ọdún tí ìjọba fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ni, ọ̀sẹ̀ kan ló sì kù kí àwọn ọmọ wọlé. Gbogbo abiyamọ Iléṣà ló ń wá ẹni tí yóò bá òun rán aṣọ ilé-ìwé. Adétutù ti gba ti ọmọ mẹ́rìnlá, ó ṣèlérí pé yóò parí kó tó di ọjọ́ Ajé, ó tiẹ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Iperindo kó lè ráyè. Ọkọ rẹ̀, Ọmọ́tọ́ṣọ́, ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, ọjọ́ Sátidé ló ń wálé, owó tó ń mú bọ̀ kì í sì dé ìparí oṣù. Adétutù ló ń mú un dé ibẹ̀. Ẹyín iná tó fi se ẹ̀wà náà ló ń kó sínú áyọ́ọ̀nù. Omi tó fi fọ aṣọ ló fi ń fọ ilẹ̀. Ọmọ́tọ́ṣọ́ a máa fi í yangàn láàárín ẹgbẹ́ pé ìyàwó òun mọ ilé tọ́jú.

Awakọ̀ kan ló bá a ra agbọ̀n ẹ̀gẹ́ náà wá láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ó sì pọ̀ ju owó rẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ tó tà á ránṣẹ́ pé ẹ̀gẹ́ kíkorò ni, pé kó rẹ ẹ́ títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, kí oró inú rẹ̀ lè jáde. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè ọjọ́ mẹ́rin? Kànga pàápàá ti ń gbẹ. Adétutù gé e wẹ́wẹ́, ó rẹ ẹ́ mọ́jú, ó sá a sí oòrùn ọyẹ́, kó sì tó di ọjọ́ kẹta ó ti gbẹ ganrín-ganrín. Nígbà tó gún un tó sì jọ̀ ọ́, ó funfun ju èyí tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Àpìkẹ́, aládùúgbò wọn, rí i, ó ra àwo méjì láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ bì yìí gan-an.

Wọ́n gbé ọmọ dé ọsibítù pẹ̀lú eré. Nọ́ọ̀sì kan gbà á lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ní kí ló jẹ. Adétutù ní láfún ni. Nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Adétutù ń gbọ́ mímí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn òun. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rin ti dé ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wo ojú ọmọ rẹ̀, kò lè sọ ọ́.

"Òru kan ni, mà."

Nọ́ọ̀sì náà kò bá a wí. Ó ké sí dókítà. Kí wọ́n tó gbé ọmọ wọlé, ó bi í bóyá ẹlòmíràn wà tó ní láfún náà nílé. Ìgbà yẹn ni Adétutù rántí Àpìkẹ́. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Àsìkò yìí ni Àpìkẹ́ máa ń dáná.

Ó fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì sáré. Bó ti ń sáré ló ń wá ohun tí yóò wí. Ó lè ní eku ti jẹ nínú rẹ̀. Ó lè ní òun fẹ́ rà á padà. Bí ó bá sọ òtítọ́, ta ni yóò tún gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àdúgbò yẹn?

Àpìkẹ́ ń fi orógùn ro ọkà láfún náà lórí iná nígbà tó dé. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ti fọwọ́, wọ́n jókòó ti ọbẹ̀.

"Ìyá Àkànó, ẹ má fún wọn jẹ."

"Kí ló dé?" Àpìkẹ́ kò dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ eku ti dé ọ̀nà ọ̀fun Adétutù. Ó gbé e mì.

"Mi ò rẹ ẹ̀gẹ́ náà tó. Mo fẹ́ kó tètè yá. Dúró wà ní ọsibítù."

Àpìkẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ti tọ́ ọ wò. Wọ́n ní rárá. Ó gbé ìkòkò náà lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó da ọkà náà àti láfún tó kù sí i, ó sì bò ó. Ó ní ṣé ẹlòmíràn tún rà. Adétutù ní rárá.

"Padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ," ni Àpìkẹ́ wí, kò sì tún bojú wò ó mọ́. Ìbá sàn fún Adétutù kó bú òun.

Nígbà tó padà dé, Lábíkẹ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta yàrá. Ó ní wọ́n ti fún ọmọ ní oògùn, ó ti sùn, mímí rẹ̀ ti ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní jẹ́ kó lọ sílé lónìí. Adétutù kúnlẹ̀.

"Màmá, mo parọ́ fún yín."

"Mo gbọ́ nígbà tí o ń sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì." Obìnrin àgbà náà fi etí ìró nu ojú. "Òkèlè àkọ́kọ́ tí mo fi sẹ́nu lọ́sàn-án, ó korò. Mo ní ẹnu àgbà ni. Mo wò ọ́ nídìí ẹ̀rọ, o ò tíì jẹun láti àárọ̀, mo ní kì í ṣe èmi ni n ó máa ṣàròyé lórí oúnjẹ. Mo gbé e mì, mo sì ń bu òmíràn fún ọmọ náà."

Láti inú yàrá, Dúróoríkẹ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Àwọn méjèèjì tẹ́tí títí wọ́n fi tún gbọ́ mímí rẹ̀.

"Aṣọ mẹ́fà ló kù tí n kò tíì gé," ni Adétutù wí níkẹyìn. "Lọ́la, n ó dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n. Màmá, bí nǹkan bá tún korò lẹ́nu yín nínú ilé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e mì."

Lábíkẹ́ sún sápá kan lórí bẹ́ǹṣì náà.

"Dìde nílẹ̀," ló wí, "kí o wá jókòó."