Ohùn Ládàánì Nínú Àpótí

Láti ọjọ́ Ajé ni ọkàn Rodiat kò ti balẹ̀. Ọmọ tí gbogbo ilé ti ń pè ní Ẹnjiníà kó tó parí ẹ̀kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa wàhálà.

Bàbá àgbà rẹ̀, Alhaji, ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní Kemta kí wọ́n tó kú. Rodiat ti gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Nítorí pé ìyá àgbà rẹ̀, Àlàájà Ràhámátù, kò mọ fóònù tẹ̀, ó ṣe àpótí kékeré kan fún wọn láti máa fi gbọ́ ohùn náà, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní. Nọ́ńbà lásán ni ohùn Bàbá nínú rẹ̀, oódo àti oókan lọ bẹẹrẹ. Rẹsísítọ̀ mẹ́jọ ló ń sọ nọ́ńbà náà di ohùn padà. Ìkọ̀ọ̀kan ń dí iná lọ́nà ní ìlọ́po méjì èyí tó ṣáájú rẹ̀, kí nọ́ńbà ńlá lè rí iná púpọ̀ gbà, kí kékeré gba díẹ̀. Àkọ́kọ́, tó ru ẹrù jù, yẹ kí ìwọ̀n ìdínà rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá; èkejì ogún, ẹ̀kẹta ogójì. Àmọ́ èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ méjìlá ni Rodiat bá nínú páálí rẹ̀.

"Kí ni méjì péré máa ṣe?" ló wí, ló bá fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Àlàájà tẹ bọ́tìnnì lọ́jọ́ Ajé, ohùn tó jáde há, ó ń já, bíi ti ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu. Omi bọ́ lójú Àlàájà.

"Àṣé ara Alhaji ò yá nígbà yẹn! Èmi wá ń bá wọn jà pé wọ́n ń sùn jù!"

Ó yẹ kí Rodiat sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló fà á. Ojú tì í, Ẹnjiníà dákẹ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Ó wá rẹsísítọ̀ méjì tó jẹ́ ogún ogún, ó so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí iná lè rí ọ̀nà méjì gbà; ìdínà wọn di mẹ́wàá, ó sì fi wọ́n rọ́pò méjìlá yẹn. Ó gbé àpótí lọ bá Àlàájà, ó kúnlẹ̀.

"Àlàájà, ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Ara Bàbá le nígbà yẹn. Èmi ni mo fi ohun tí kò yẹ sínú àpótí. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ohùn Bàbá jáde, ó mọ́ gaara.

Àlàájà gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọn kò bínú. Wọ́n kàn ń wo ẹsẹ̀ wọn tí erùpẹ̀ pupa ṣì wà lára rẹ̀.

"Àárọ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń lọ sídìí sàréè wọn lọ tọrọ àforíjì," ni wọ́n wí. "Wọ bàtà rẹ. Lónìí, ìwọ ló kàn."