Wàrà Inú Àwo Ìsọmọlórúkọ

Láti ọjọ́ tí Mùkàrámà, ọmọ Ràmílátù, ti kú, kò sí ọmọ tó wúwo mọ́ lọ́wọ́ Mùsílímátù. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Iṣẹ́ ọmọ wíwẹ̀ ni obìnrin yìí ń ṣe ní Treichville, ní ìlú Àbíjàn, láàrin àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ tó ń ṣòwò níbẹ̀, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Awẹ̀mọ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Obìnrin bá bí lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ dáadáa ó ti dé pẹ̀lú kànrìnkàn àti òrí rẹ̀. Á tẹ́ ọmọ sórí itan, á fọ̀ ọ́, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn náà á gbé e sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Gbígbé yẹn ló fi ń wọn ọmọ. Bó bá ti gbé e báyìí, á ní ọmọ yìí ń yó, tàbí kó ní kí wọ́n yáa tọ́jú ìyá rẹ̀ kí ọyàn rẹ̀ lè kún. Kì í ṣì í.

Àmọ́ ní ọdún 1974 tí mò ń wí yìí, àràárọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń purọ́ fún un. Ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀ tí gbogbo ilé ń fi ṣeré pé gros bébé ni, bí Mùsílímátù bá gbé e sókè, á fúyẹ́ fẹ́rẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Ó mọ ẹni tó fúyẹ́ báyẹn. Bí Mùkàrámà ṣe rí lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tó wẹ òkú rẹ̀. Á sọ ọmọ ọlọ́mọ kalẹ̀ wéré, á máa wò ó lójú láti mọ̀ bóyá ọmọ náà ni àbí Mùkàrámà, ìyá ọmọ á sì máa bi í pé kí ló dé. Á ní kò sí nǹkan.

Ta ló fa ọ̀ràn yìí? Èmi ò ní tàn yín, òun fúnra rẹ̀ ni. Ọdún kan àbọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, Lazare wá bá a nílé. Ọmọ àwọn ará Porto-Novo ni Lazare, Treichville ni wọ́n bí i sí, ó kàwé, ó sì ń bá àwọn òyìnbó kan ta wàrà alágolo tí wọ́n ń pè ní Nénolin. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó kàn máa ń fi Faransé là á ni. Ó mú ẹ̀wù funfun kan dání, irú èyí tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀. Ó ní bí Màmá bá lè máa wọ̀ ọ́ lọ wẹ ọmọ, kó sì máa sọ fún àwọn abiyamọ pé Nénolin ju ọyàn lọ, cinq mille francs, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ni tirẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹ̀rín pa Mùsílímátù. Ó ní ọmọ mẹ́fà lòun bí, ọyàn ni gbogbo wọn mu. Ó ní òun ò tíì rí ọmọ màlúù tó mu ọyàn ènìyàn kó tó dàgbà, kí ló wá dé tí ọmọ ènìyàn fi máa mu ti màlúù? Lazare náà bá a rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹnì kankan ò ní kí ẹ gbà á gbọ́," ló wí. "Kí ẹ ṣáà ti máa sọ ọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì fi ilé kan sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò lórùlé. Òjò ń na ògiri rẹ̀, àwọn ará ilé sì ń ránṣẹ́ pé ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe Àbíjàn nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú ilé bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ mọ bí ìtìjú rẹ̀ ṣe ń jẹni lára. Mùsílímátù gba ẹ̀wù funfun. Ó ní ẹnu lásán ṣáà ni.

Ká ní ó mọ sórí ẹnu lásán, ì bá sàn. Ó sọ ọ́ sọ ọ́, àwọn abiyamọ ń dá a lóhùn pé ẹ ṣeun, Ìyá, wọn ò sì ra nǹkan kan. Lazare bẹ̀rẹ̀ sí í fajú ro. Ni Mùsílímátù bá jókòó, ó dá ọgbọ́n kan tí ọ̀gá Lazare tó ń gbé Cocody láàrin àwọn olówó ò lè rò kàn láéláé. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, tí àlùfáà bá ti ṣe tirẹ̀ tán, ìyá awẹ̀mọ ló ń gbé àwo síwájú ìyá ọmọ, tó ń fi oyin àti iyọ̀ àti omi kan ọmọ lẹ́nu, tó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wúre. Mùsílímátù fi wàrà Nénolin kún ohun inú àwo. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ọmọ lẹ́nu, ó ní, "Wàrà rèé, o ò ní gbẹ, ìyá rẹ ò ní fi ọ́ ṣọ̀fọ̀." Gbogbo ilé ṣe àmín.

Ó parí. Nǹkan tí wọ́n bá ti fi wúre fún ọmọ lọ́jọ́ tó gba orúkọ, ìyá wo ni yóò fi du ọmọ rẹ̀? Kó tó di oṣù kẹta, kò sí ilé ọmọ tuntun tí àgólo Nénolin ò sí. Òrùlé ilé Ògbómọ̀ṣọ́ di páànù.

Ràmílátù, ìyàwó télọ̀ kan ní Marcory, wà lára àwọn tó ṣe àmín. Owó àgólo náà wọ́n jù fún un, ló bá ń fi ṣíbí kan ṣe ibi tí wọ́n ní kó fi mẹ́rin sí. Omi ń funfun, ó ṣe bí wàrà ni. Ọyàn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fà mọ́ gbẹ. Nígbà tí Mùkàrámà pé oṣù márùn-ún, ìgbẹ́ gbuuru mú un, ní ọjọ́ kẹfà ó kú. Mùsílímátù ni wọ́n pè láti wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó wẹ̀ ẹ́ tán, Ràmílátù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ bá wa gbìyànjú lórí ọmọ yìí." Mùsílímátù la ẹnu. Ohun tó yẹ kó jáde ò jáde. Ohun tó wí ni pé Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.

Ó bí mi nínú nígbà tí mo gbọ́ ibẹ̀ yẹn, n ò ní purọ́.

Ó dá ẹ̀wù funfun padà fún Lazare, ó ní ara òun ò yá. Kò fi wàrà sínú àwo mọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Àwọn obìnrin mìíràn ti mú un di àṣà. Bí kò bá gbé wàrà wá síbi ìsọmọlórúkọ, ìyá àgbà kan á sáré lọ rà á, á ní Ìyá Awẹ̀mọ ti ń gbàgbé nǹkan. Mùsílímátù á máa wò wọ́n, wọn á fi kan ọmọ lẹ́nu, òun náà á ṣe àmín.

Ìgbà tó yá ni Nimotou, ìyàwó Gafarou, tí òun àti Mùsílímátù jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, bí Sìrájù. Ọmọ àkọ́bí ni, Gafarou tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté sì ń yangàn pé ọmọ òun ò ní mu ọyàn bí ọmọ tálákà. Ọmọ náà ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta nígbà tí Mùsílímátù gbé e sókè láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó fúyẹ́. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní Mùkàrámà tún ti dé. Lọ́jọ́ kejì ó tún fúyẹ́. Ó ka Kulíhùwà, ó fi òrí pa ọmọ lára, ó lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń gbé e, tí ọmọ ń fúyẹ́ sí i, tí òun sì ń bá òkú ọmọ sọ̀rọ̀ nínú pé kó jọ̀ọ́, kó fi òun sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹwàá ni èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Bó bá jẹ́ pé kì í ṣe Mùkàrámà ńkọ́? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti purọ́ fún tó bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tó bá sọ òótọ́? Ó wé ọmọ, ó ní òun fẹ́ gbé e gba oòrùn díẹ̀, ó sì gbé e gba ọjà Treichville lọ bá Àtàndá, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń ta àlùbọ́sà, tí òṣùwọ̀n ńlá kan so kọ́ níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Àtàndá bi í pé ṣé wọ́n fẹ́ ta ọmọ ni. Mùsílímátù ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ aṣọ sínú àwo òṣùwọ̀n, ó gbé Sìrájù lé e.

Ọjọ́ tí wọ́n bí Sìrájù, ohun tí wọ́n kọ sínú káàdì rẹ̀ ni trois kilos quatre, ìyẹn kílò mẹ́ta lé díẹ̀. Lójú òṣùwọ̀n Àtàndá, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò pé trois kilos.

"Alhamdulilahi," ni Mùsílímátù wí.

Àtàndá wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti dàrú. Bẹ́ẹ̀, inú obìnrin yìí dùn ni o, ẹ má jẹ́ kí n fi bò. Inú rẹ̀ dùn pé kì í ṣe òkú ọmọ ló wà lọ́wọ́ òun, pé ọwọ́ òun ò bàjẹ́. Ìgbà tó fẹ́ gbé ọmọ kúrò nínú àwo, tó rí i bí awọ itan rẹ̀ ṣe rọ̀ jọ, ló tó mọ ohun tí òun ń dúpẹ́ lé lórí. Ìtìjú mú un débi pé kò lè wo ojú Àtàndá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko lòun ti fi ṣòfò.

Eré ló sá padà. Nimotou ń po wàrà kan tó ṣàn bí omi nígbà tó wọlé. Mùsílímátù ní kó da omi yẹn nù, kó fi ọmọ sọ́yàn, ìwọ̀nba tó ń fún un lóru ò jẹ́ kí ọyàn náà tíì gbẹ tán. Nimotou ní irú kí lèyí? Ó ní nítorí pé òun rí i pé ọmọ ń rù lòun ṣe ń fún un ní wàrà lẹ́ẹ̀mejì iye ti tẹ́lẹ̀. Ó ní níbi ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ tó ṣáájú Sìrájù, ẹnu Ìyá fúnra wọn lòun ti gbọ́ pé ọmọ tó bá mu ún kò ní gbẹ. Mùsílímátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sọ fún un pé òun ò gba wàrà náà gbọ́ rí, pé owó ni wọ́n fún òun.

Nimotou ò dáwọ́ wàrà pípò dúró.

"Nígbà tí wọ́n ń sanwó, ó dára," ló wí. "Wọn ò sanwó mọ́, ó wá di burúkú. Èwo ni kí n gbà nínú rẹ̀, Ìyá?"

Ẹni tó bá ti mọ irọ́ pa tó bẹ́ẹ̀, àfi kó lọ yá ẹlẹ́rìí. Nimotou bi í pé ṣé Ràmílátù mọ̀. Ó ní rárá.

"Ẹ lọ sọ fún un. Bí ẹ bá lè wo ìyá Mùkàrámà lójú kí ẹ sọ ọ́, màá mọ̀ pé òótọ́ ni."

Ó wọ taksí lọ sí Marcory. Ẹ má bi mí bó ṣe rí lára rẹ̀ nínú mọ́tò yẹn. Ó ní òun gbàdúrà kí òun má bá Ràmílátù nílé, ó ní òun sì tún gbàdúrà kí òun bá a. Ràmílátù wà nílé, ó ń ká aṣọ tí ọkọ rẹ̀ rán. Ó gbé àpótí fún un, Mùsílímátù ò jókòó lé e, ilẹ̀ ló jókòó sí. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: Lazare, ẹ̀wù funfun, ilé tí kò lórùlé, àwo, títí dórí ọmọ Nimotou. Ràmílátù ò ká aṣọ mọ́. Gbogbo ìgbà yìí, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun ló fi ahun pa ọmọ òun, pé wàrà tí òun ń bù ló kéré. Ó ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kó lè ra tó bá bí òmíràn.

"Ṣé ẹ mọ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè?" ló bi í.

"Mo mọ̀ láti ọjọ́ tí mo gba ẹ̀wù."

Ràmílátù dìde, ó wé gèlè. "Ẹ jẹ́ ká lọ," ló wí. "Ti Nimotou ò tíì kú."

Nígbà tí wọ́n dé Treichville, Ràmílátù ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní kí Nimotou gba Ìyá Awẹ̀mọ gbọ́, ó gba biberon, ìgò wàrà, lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọmọ sí i láyà. Biberon ti mọ́ Sìrájù lẹ́nu ju ọyàn tó ń rí díẹ̀díẹ̀ lóru lọ. Ó ń mú un, ó ń tu ú, ó ń ké. Nimotou ń sunkún pẹ̀lú rẹ̀, Ràmílátù sì ń fún ọyàn náà fún un kán-ún kán-ún. Ìta ni Mùsílímátù wà. Kò sẹ́ni tó ní kó wọlé, òun náà ò sì wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà ìrun àílà títí alásárì fi pè, ó ń gbọ́ igbe ọmọ. Nígbà tó yá igbe náà dá.

Ràmílátù jáde sí i.

"Ó ti ń mu ún," ló wí. "Gafarou ń bọ̀ wá gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn."

Mùsílímátù fẹ́ sọ̀rọ̀. Ràmílátù ò jẹ́.

"Mùkàrámà náà máa ń wá a. Bó bá ń ké, á máa fi ẹnu wá ọyàn mi lára aṣọ. Èmi ni mo máa ń yí ojú rẹ̀ kúrò, Ìyá, torí pé ẹ ti fi wàrà wúre fún un."

Mùsílímátù kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ọgbà, àgbàlagbà, lójú gbogbo ayálégbé. Ràmílátù ò ní kó dìde. Ó padà wọlé lọ bá Nimotou àti ọmọ.