Táyà Mọ́tò Ọ̀gá Rọra

Ní gbogbo ìgbà tí Ọ̀gá Rọra fi kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà, ọ̀rọ̀ kan ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde jù: rọra. Rọra tẹ̀ ẹ́. Rọra yà á. Rọra, òpó iná nìyẹn, kì í ṣe ọ̀nà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rọra títí tí ìgbín fi ń yà wọ́n sílẹ̀, Ọ̀gá á tún ní kó rọra, kí ìgbín lè kọjá láìbẹ̀rù. Bíréèkì méjì ló wà nínú mọ́tò tó fi ń kọ́ wọn, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ níbi tó bá jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹsẹ̀ yẹn kì í kúrò níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní bó bá sùn pàápàá, ẹsẹ̀ náà ṣì ń wá nǹkan tẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora.

Nígbà tó fẹ̀yìntì, a rò pé àga onítìmùtìmù ni yóò rà. Mọ́tò eré ló rà. Ó pupa bí ojú ẹni tí ń bínú, ìjókòó méjì péré ló ní, ó sì rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ àna. Bó bá ṣáná sí i, ajá àdúgbò á wọlé lọ. Ẹni tó ti ń sọ rọra láti ìgbà èwe jókòó sẹ́yìn sítíárì, ó ki tọ̀rọ́tù mọ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé.

Ẹ má tíì bá a rẹ́rìn-ín. Ara Ọ̀gá Rọra kò yá.

Ọkàn rẹ̀ ni. Dókítà pe ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sínú yàrá kan tí kò ní ju àga mẹ́ta àti páálí bébà ìnujú lọ. Ẹ kúkú mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá ti gbé bébà ìnujú sílẹ̀ dè yín, ọ̀rọ̀ ayọ̀ kọ́ ni wọ́n pè yín wá gbọ́. Dókítà ní ọkàn náà ti rẹ̀ kọjá iṣẹ́ abẹ, pé kò dájú pé ọdún tó ń bọ̀ máa bá a. Bí wọ́n ṣe jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó di apá àbúrò ọkọ rẹ̀ mú.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kó mọ láàárín wa. Bó bá gbọ́, yóò lọ dùbúlẹ̀ dè é ni. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀gbọ́n yín. Bí wọ́n bá ti dá ìgbà fún un, kì í pẹ́ dé."

Àbúrò gbà. Wọ́n sọ fún Ọ̀gá pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, kó máa jẹ ẹ̀fọ́. Ó ń jẹ ẹ̀fọ́. Ó ń wò wọ́n bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Àbúrò yìí ló ni ṣọ́ọ̀bù táyà tó wà ní kọ̀rọ̀ títì. Yàrá gígùn ni, tó ní ilẹ̀kùn irin tí wọ́n ń ká sókè. Táyà kún ibẹ̀ dé àjà, òórùn rọ́bà sì ti wọ inú ògiri débi pé ẹni tó bá jókòó pẹ́ níbẹ̀, ara rẹ̀ ló máa gbé òórùn náà lọ sílé. Kí àbúrò tó wo ẹsẹ̀ mọ́tò, kó tó kí èèyàn tán, ìbéèrè kan ló ń bi gbogbo oníbàárà: ọdún mélòó lẹ fẹ́ lò ó? Ìdáhùn yẹn ló fi ń mọ táyà tí yóò gbé wá. Àmọ́ bó bá jẹ́ mọ́tò eré, kì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Táyà rírọ̀ ni. Ó ní táyà líle lẹ́sẹ̀ mọ́tò eré, bàtà igi lẹ́sẹ̀ oníjó ni. Ó ti lé oníbàárà kan jáde rí torí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tún tẹ̀ lé e dé títì, ó ń bá táyà náà kẹ́dùn.

Òjò ti ṣú láti àárọ̀ lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Rọra wa mọ́tò pupa náà wá. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, torí kì í jẹ́ kó dá jáde mọ́. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ó sinmi, ẹsẹ̀ kejì, ó di ilẹ̀kùn mú bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́. Àbúrò fi jáàkì gbé mọ́tò sókè. Ó fọwọ́ ra ojú táyà. Ó dán bí orí apárí.

"Ẹ̀gbọ́n, táyà kọ́ lẹ ń lò mọ́. Ìrántí táyà ni."

"Mo ń rọra lò ó."

"Ti ẹ̀yìn ti fẹ́ bẹ́. Kí lẹ ń fi í ṣe ná?"

"Mo ń gbé ìyàwó mi lọ ra ẹ̀fọ́."

Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ lọ ṣe ohun tó ti máa ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ọdún mélòó lẹ fẹ́ lò ó?"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́, ó rí i bó ṣe ń lọ, kò sì lè sáré bá a. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó. Ó yẹ kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì, àmọ́ kọnkéré ni ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, òun fúnra rẹ̀ ló dà á.

"Mẹ́wàá," ìyàwó ló dáhùn.

"Ìyàwó wa, táyà tírélà pàápàá kì í..."

"Mo ní ọdún mẹ́wàá. Ẹ lọ wá èyí tó ń lo ọdún mẹ́wàá wá."

Ọ̀gá Rọra wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀. "Kó ohun tó wà nílẹ̀ jáde, ká wò ó."

Àbúrò yí mẹ́ta jáde, ó tò wọ́n síwájú wọn. Ó fi èékánná tẹ ti àkọ́kọ́, ojú èékánná sì hàn lára rẹ̀.

"Èyí ló rọ̀ jù. Tó bá ti gbóná díẹ̀, bí ọmọ ṣe ń di ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ mú ló ṣe máa di títì mú. Ẹ ya kọ̀rọ̀ bó ṣe wù yín. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé kì í pẹ́..."

"Kì í pẹ́ kí ni?"

"Kì í pẹ́ bá yín lára mu. Ẹ wo kejì yìí. Ilà ojú rẹ̀ jìn, omi ló ń gbá dànù. Kò fi bẹ́ẹ̀ yá lórí ilẹ̀ gbígbẹ, àmọ́ bí ẹ bá tẹ bíréèkì nínú òjò, ibi tí ẹ bá ní kó dúró ló máa dúró." Ó fo ìyẹn kíá, ó gbá ti ẹ̀kẹta létí bí ẹni tó ń ta ewúrẹ́. "Èyí ní tirẹ̀ le. Ó ń pariwo díẹ̀, ó ń gbo èèyàn díẹ̀, àmọ́ ó ń pẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ó ń pẹ́ gan-an ni. Òun ni kẹ́ ẹ mú."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Bàtà igi?"

"Wọ́n ti ń gbẹ́ igi dáadáa báyìí."

Ọ̀gá Rọra kò rẹ́rìn-ín. Ó wá ibi jókòó sí lórí òkìtì táyà àlòkù, ó fọwọ́ lé orúnkún.

"Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba akẹ́kọ̀ọ́? Ojú rẹ̀ kọ́. Àwọn mìíràn á máa kọrin, ẹ̀rù sì ti fẹ́ pa wọ́n. Mọ́tò ló ń sọ fún mi. Ó ń lọ, ó ń fà sẹ́yìn. Ẹnì kan ń tẹ bíréèkì níbi tí kò yẹ. Láti ọjọ́ tí a ti ọsibítù dé ni ilé mi ti ń lọ tó ń fà sẹ́yìn. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi."

"Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni," ni ìyàwó wí.

"Látìgbà tí mo ti fẹ́ ọ, kò pa ọ́ lẹ́rìn-ín rí. Mo gbà, mo mú un mọ́ra. Àmọ́ kí àbúrò mi máa ta táyà líle fún mọ́tò eré?" Ó mi orí. "Ẹ̀yin méjèèjì ti jókòó tì mí, ẹ ń tẹ bíréèkì fún mi. Kí ni dókítà sọ?"

Ojo ni àbúrò, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dìde. "Afẹ́fẹ́ ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ yìí," ló wí, ó sì tan ẹ̀rọ ńlá tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà. Ariwo bò wọ́n. Ṣíbí ń jó nínú ife tíì lórí tábìlì. Ẹnu Ọ̀gá Rọra ń ṣí, ó ń pa dé: kí ló sọ? Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan etí, ó mi orí pé òun kò gbọ́. Ó tún bi í. Ìyàwó tún mi orí.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin yìí kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó dojú kọ ògiri táyà. Ọ̀rọ̀ náà ti jó o lọ́wọ́ tó. Ó rò pé nínú ariwo yìí, òun lè gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun tún un gbé kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó lanu, ó sì kígbe rẹ̀ sáàárín àwọn táyà, pé dókítà ní kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́.

Bí afẹ́fẹ́ bá kún inú ẹ̀rọ náà tán, fúnra rẹ̀ ló ń kú. Ó kún, ẹ̀rọ kú, igbe obìnrin náà nìkan ló kù.

"Ó ní ọdún tó ń bọ̀ kò ní bá yín láyé."

Ọ̀rọ̀ náà dá dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, kò sí ohun tó bò ó. Ṣíbí dákẹ́ nínú ife. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí páànù.

Ọ̀gá Rọra wo ẹ̀rọ náà. "O ò tún ẹ̀rọ yẹn ṣe?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni, Ẹ̀gbọ́n." Omi ń bọ́ lójú àbúrò.

"Mo rí i."

Ó dìde, ó rìn lọ síbi táyà rírọ̀ yẹn. Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó ń wo ojú ibi tó tẹ̀ bó ṣe ń padà bọ̀ sípò. Àbúrò ti ń na ọwọ́ sí i láti gbé e lọ sídìí mọ́tò. Ta ni kò mọ̀ pé òun ni yóò mú, báyìí tí kò sí ìdí láti wá èyí tó ń pẹ́?

"Bi wá ní ìbéèrè rẹ," ni Ọ̀gá wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Iṣẹ́ rẹ ni. Bi wá."

"Ọdún mélòó lẹ fẹ́ lò ó?" Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

"Má bi mí. Bi ẹni tó máa lò ó." Ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

"Èmi?" ni obìnrin náà wí. "Ta ló kọ́ mi?"

Òótọ́ ni. Ọ̀gá ti kọ́ ìdajì ìlú ní mọ́tò, kò kọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Obìnrin náà fi mọ́tò gbá àgbá omi ẹ̀yìnkùlé, omi ṣàn wọ yàrá, ẹni tí kò jágbe mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí sì jágbe lọ́jọ́ náà. Ìyàwó sọ̀ kalẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn láti ìgbà náà.

"Màá tà á ni," ló wí. "Bí ẹ bá ti lọ, lọ́jọ́ kejì ni màá tà á."

Ó gbọ́ ohun tó sọ, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ tà á náà á kọ́kọ́ wà á dé ọjà." Ọ̀gá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Òjò máa ń bà á lẹ́rù. Èyí tó ń gbá omi dànù ni kó o gbé wá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbé rírọ̀ yìí padà sí àyè rẹ̀ kó tó wù mí jù báyìí lọ."

Àbúrò tú táyà àtijọ́ kúrò lára ríìmù, ó wọ tuntun sí i, àwọn tó fẹ̀ fún ẹ̀yìn, àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ fún iwájú. Ó yí wọn wò lórí ẹ̀rọ, ó ń lẹ òjé kéékèèké mọ́ ibi tí kò bá dọ́gba, ó ń tún un yí, títí tó fi ń yí láìgbọ̀n. Ó tún yí wọn wò lẹ́yìn tí wọ́n ti dára. Kò fẹ́ kó parí.

Nígbà tí mọ́tò sọ̀ kalẹ̀, Ọ̀gá fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọlé, ó mí títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀.

"Rọra," ló wí.

"Ẹ má tíì sọ ọ́. Mi ò tíì ṣe nǹkan kan."

"Torí kó o má baà ṣe é ni."

Mọ́tò ta pọ́n bí ọ̀pọ̀lọ́, ó kú. Ó tún ta, ó tún kú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó jáde sí títì, sínú òjò, ó ń wọ́ lọ. Ìgbín ì bá kọjá. Àbúrò dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn irin, òjò ń pa á, ó ń wo bí ilà ojú táyà ṣe ń gbá omi sọ́tùn-ún sósì.

Ní oríta, ìyá kan ṣí agbòòrùn, ó bọ́ sójú títì láìwo ẹnikẹ́ni. Ìyàwó Ọ̀gá Rọra sáré wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló rí, ó ki í mọ́lẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níbi tí kò sí bíréèkì kankan, iṣan ọrùn rẹ̀ le gbandi.

Obìnrin náà tẹ bíréèkì tirẹ̀, jẹ́jẹ́, kó lè dà bí ẹni pé ti ọkọ òun ló ṣiṣẹ́. Mọ́tò dúró síbi tó ní kó dúró.

"O rí i?" ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Mo rí i," ló wí. Wọ́n jókòó síbẹ̀ nínú òjò, títí ìyá náà fi kọjá tán, tí kò sì sí ohun tó tún dí ọ̀nà mọ́.