Apá Bàálù Tí Kì í Ṣàṣìṣe

Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí ìyá ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti ń ṣe apá bàálù tó ń tẹ̀ fúnra rẹ̀ bí atẹ́gùn bá ṣe fẹ́. Màmá Ìyẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀, ó sì dùn mọ́ ọn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, awakọ̀ òfuurufú kan yóò gbé èyí tó ṣe kẹ́yìn gòkè. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara, ọlọ́mọ mẹ́ta.

Ohun tí kò jẹ́ kí ara ìyá yìí balẹ̀ ni pé èsì ìdánwò dára jù. Wáyà tín-ínrín mẹ́rìnlélógún ni wọ́n lẹ̀ mọ́ apá náà láti máa wọn bó ṣe ń tẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó ṣàṣìṣe láti oṣù méjì. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Wáyà kì í ṣe áńgẹ́lì.

Ẹni tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ ló ń fura sí. Òun ni igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tí kì í sáré, tí kì í pariwo, tó máa ń ti ilẹ̀kùn kó tó tan ẹ̀rọ. Kí ló ń tilẹ̀kùn fún? Bí ìyá náà bá wọlé, á rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ọ̀hún gan-an ló ń bí i nínú. Ó ti dá a lẹ́bi tán lọ́kàn: ọ̀gbẹ́ni yìí ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Jẹ́jẹ́ lọ jẹun, ìyá náà yọ́ wọ yàrá ìdánwò bí olè, ó fa wáyà kẹsàn-án yọ, ó sì tì í bọ àpò.

Jẹ́jẹ́ dé, ó tilẹ̀kùn, ó ní atẹ́gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń mi apá náà. Àwáwí, ìyá náà wí nínú ara rẹ̀. Apá náà tẹ̀, ó nà. Nọ́ńbà tò sójú kọ̀ǹpútà, ti kẹsàn-án náà ò gbẹ́yìn.

"Kẹsàn-án ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa, mà."

"Irọ́ ni! Òun nìyí lọ́wọ́ mi."

Jẹ́jẹ́ wo wáyà, ó wo kọ̀ǹpútà. Kò rẹ́rìn-ín. "Mà, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà yìí."

Wọ́n jọ tú u wò. Àṣẹ kan wà nísàlẹ̀ pátápátá: bí wáyà kan bá dákẹ́, kí ẹ̀rọ fi èsì àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dí àlàfo. Ìyá náà mọ̀ ọ́n. Òun ló kọ ọ́ nígbà tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, tí wáyà kan kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó lọ dúró níwájú àwọn olùdánwò. Ó ní òun máa yọ ọ́ tó bá yá. Gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láti ìgbà náà ló gba ibẹ̀ kọjá. Ojú tì í gidigidi.

Jẹ́jẹ́ yẹ àwọn wáyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mọ́kànlá ni ò ṣiṣẹ́, mà. Mẹ́wàá kú fúnra wọn, ẹ̀yin lẹ fa ọ̀kan yọ."

"Jẹ́jẹ́, má bínú sí mi."

"Ẹ kọ́kọ́ pe awakọ̀ yẹn, mà."

Ó pè é. Ó ní kó má gbé apá náà gòkè, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un láì fi nǹkan kan pa mọ́.

"Ẹ ṣeun, mà," ni awakọ̀ náà wí. "Àbúrò mi wà lókè báyìí o, apá tẹ́ ẹ ṣe lọ́dún tó kọjá ló gbé. Ṣé kí n ní kó sọ̀ kalẹ̀?"