Fàdákà Inú Ewé Gúáfà

Ọjọ́ tí obìnrin tí gbogbo láàbù ń pè ní Ìyá Eléwé rí orúkọ ọ̀gá rẹ̀ lórí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kò sunkún. Ó jókòó sórí àga gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo ìwé ìwádìí tí ọ̀gá tẹ̀ jáde bí ẹni ń wo ejò. Láti orí dé ìdí, ọ̀rọ̀ inú ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ni: bí a ṣe ń sá ewé gúáfà síbi òjìji, bí a ṣe ń sè é, bí a ṣe ń da omi ewé náà sí iyọ̀ fàdákà tó ti yòrò nínú omi títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣú bí tíì tí kò ní mílíìkì. Àwọ̀ yẹn ló ń sọ pé fàdákà ti di horo wíńníwínní tí ojú ò lè rí, èyí tí í pa kòkòrò inú egbò. Orúkọ rẹ̀ ò sí níbì kankan, kódà níbi tí wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀.

"Ọ̀gá, orúkọ mi ńkọ́?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìyá Eléwé! Ṣé torí o se ewé? Ìyàwó mi náà ń se ewé nílé, n ò tíì rí i kó bèèrè orúkọ."

Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbé, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ju aṣọ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ. "Màá lọ fa ṣòkòtò ẹ̀ ya!"

"Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí mi. Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ló ti fẹ́ fọn ọ́n?"

Ibi tó ti fẹ́ fọn ọ́n kò pẹ́ yọjú. Dókítà àgbà kan tó ń tọ́jú àwọn tí iná jó ka ìwé náà, ó fẹ́ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe fàdákà náà. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, láàbù yìí ni yóò máa po oògùn egbò fún ilé ìwòsàn rẹ̀, ẹni tó bá sì ṣe é lójú rẹ̀ ni olórí iṣẹ́ náà. Ọ̀gá ní òun fúnra òun ni. Bẹ́ẹ̀, ọdún kọkànlá rèé tó ti fọwọ́ kan ìgò láàbù kẹ́yìn.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Ìyá Eléwé dúró lẹ́yìn pátápátá, ó káwọ́ gbera. Ó rí i tí ọ̀gá gbé ìgò, tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń se omi, tó ń sọ ooru rẹ̀ di omi tí kò níyọ̀ kankan, kọjá, tó lọ bu omi ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́. "Omi" ṣá ni Ìyá Eléwé kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ta ló ń kọ ọ́ fún ẹni tó ń fọ ìgò lójoojúmọ́ pé omi ẹ̀rọ ní iyọ̀ tirẹ̀, pé iyọ̀ yẹn àti ti fàdákà kì í gbélé pọ̀? Gbólóhùn kan péré ló ní láti sọ. Ó gbé e mì.

"Ẹ máa wò ó," ni ọ̀gá wí, ó da iyọ̀ fàdákà sómi. Kàkà kó mọ́ gaara, funfun ló dì, bí wàrà tó bàjẹ́. Ó da omi ewé sí i, ó di ẹrẹ̀.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?" dókítà bèèrè.

"Ẹ... ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀." Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀, ti ọ̀gá ò níyẹ̀ẹ́ rárá. Ó sún mọ́ Ìyá Eléwé, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Jọ̀ọ́, arábìnrin mi, kí ló ṣe é?"

"Háà, ọ̀gá! Ẹ ò ní kí ìyàwó yín wá sè é?"

"Mo bẹ̀ ọ́."

"Iṣẹ́ ta ni?"

"Tìrẹ ni."

"Èmi kọ́ lẹ máa sọ ọ́ fún. Ẹ kọjú sí dókítà."

Dókítà ti ń kó ìwé rẹ̀ sí báàgì. Ọ̀gá yíjú, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Obìnrin yìí ló ni iṣẹ́ náà. Wọ́n... wọ́n yọ orúkọ ẹ̀ kúrò."

"Ta ló yọ ọ́?" Ìyá Eléwé bi í ketekete.

"Èmi ni."

Dókítà wo ọ̀gá, ó wo obìnrin náà, ó fa àga, ó jókòó padà. "Ẹ wá ṣe é, mà."

Ìyá Eléwé wọ ìbọ̀wọ́, kò kánjú. Ó gbé ìgò tó bàjẹ́ náà lé ọ̀gá lọ́wọ́. "Ẹ bá mi fọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta, omi inú ẹ̀rọ kékeré yẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án."

Ọ̀gá fọ̀ ọ́ títí apá ẹ̀wù rẹ̀ fi rin gbingbin. Ìyá Eléwé gba ìgò, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó yí i po. Ó mọ́ tónítóní, òun náà sì rí i pé ó mọ́. Ó dá a padà fún un.

"Ẹ tún un fọ̀."