Ẹ̀wù Tí Màmá Tíṣà Kò Ṣílẹ̀kùn Fún

Inú páálí ni ẹ̀wù iṣẹ́ tó ní lógò tuntun bá dé ọ́fíìsì ètò ìsìnlú àwọn àgbà, wọ́n fi ọ̀rá wé e bí ẹni wé ọmọ jòjòló. Alábòójútó ètò náà, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣeré, na ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wù iṣẹ́ ọ̀hún sókè kí gbogbo àwọn àgbà tó jókòó lè rí i. Ìràwọ̀ funfun kan ló wà láyà rẹ̀ lápá òsì, nínú àpótí aláwọ̀ ewé.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá, àwọn tó ń fún wa lówó ìrànwọ́ ti yí àmì wọn padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ òfin ẹ̀."

Òfin ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Wọn ò gbọdọ̀ fún lógò náà pọ̀, wọn ò gbọdọ̀ fà á gùn, wọn ò gbọdọ̀ kùn ún lọ́dà mìíràn, ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Wọn ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ lọ sí ìpàdé olóṣèlú, ká má tíì wá sọ ibi tí wọ́n ti ń mutí. Ìyàwó ọ̀ṣìngín gan-an kò gba irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó wá le jù ni pé ẹ̀wù àtijọ́, èyí tó ní àmì ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú, kò gbọdọ̀ hàn níta mọ́ rárá. Bí olùyẹ̀wò bá rí ẹyọ kan lọ́rùn ẹnikẹ́ni, wọ́n lè dá owó dúró.

Wẹ́dà dá ẹ̀wù àtijọ́ tirẹ̀ padà láìjanpata. Irin jíjó ló fi ṣiṣẹ́ jẹun títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jìnnà. Bí wọ́n bá pè é lórí fóònù, ńṣe ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Ìgbà tí ilé wá dá páropáro mọ́ ọn lórí ló lọ forúkọ sílẹ̀ fún ètò ìsìnlú. Iṣẹ́ wọn ni láti máa bẹ àwọn arúgbó tó ń dá gbé wò, kí wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì rí i pé ara wọn le. Ká má parọ́ fúnra wa, òun gan-an nílò ẹni tí yóò máa bẹ òun wò.

Màmá Tíṣà ni wọ́n yàn fún un, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Wọ́n jọ máa ń ṣàròyé ayé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ tí kò bá sí lára ọjọ́ iṣẹ́, Wẹ́dà lè jí, kó sùn, kó má gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Nígbà kan, àwọn olè ń kan ilẹ̀kùn àwọn arúgbó, wọ́n ń pe ara wọn ní òṣìṣẹ́ iná. Ọ́fíìsì bá pàṣẹ pé kí oníkálukú kọ́ arúgbó rẹ̀ láti má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, àyàfi bó bá rí àmì ètò náà láti inú ihò kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn. Wẹ́dà kì í ṣe iṣẹ́ ààbọ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó jáde síta, ó kan ilẹ̀kùn, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ bẹ Màmá Tíṣà pé kó ṣí i. Bí màmá ṣe ṣí i báyìí, ni Wẹ́dà figbe ta.

"Màmá! Olè lẹ ṣílẹ̀kùn fún yẹn! Ohùn kì í ṣe ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni lè sín ohùn jẹ. Àmì ni kẹ́ ẹ máa wò!"

"Ó ti yé mi, tíṣà mi," ni màmá wí, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Wẹ́dà gbé ìràwọ̀ rẹ̀ dé.

"Ta ni?"

"Èmi ni, Màmá. Wẹ́dà."

Ojú kan yọ ní ihò ilẹ̀kùn. "Àmì dà?"

"Òun rèé láyà mi."

"Ìyẹn kọ́."

"Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ ni, Màmá."

"Bí gbogbo olè ṣe máa ń sọ nìyẹn."

"Ẹ ẹ̀ gbọ́ ohùn mi ni?"

"Wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè sín ohùn jẹ."

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ sílé. Nígbà tó tún padà wá tí wọ́n tún lé e, ẹ̀rín ò wá mọ́. Ó kọrí sí ọ́fíìsì.

"Màdáámù, ẹ bá mi wá ẹyọ ẹ̀wù àtijọ́ kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ jẹ́ kí n fi wọlé, kí n lè ṣàlàyé fún wọn."

Alábòójútó mi orí. Kì í ṣe ìkà, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n dì. "Bàbá, tí olùyẹ̀wò bá fi lè rí i lọ́rùn yín, gbogbo àwọn arúgbó tó kù ló máa fara gbá a. Mo ti pe Màmá Tíṣà lórí fóònù náà. Wọ́n ní àwọn kì í gba àṣẹ ilẹ̀kùn lórí fóònù. Ilé tí ò bá ṣí fún wa, a ò lè máa kà á mọ́ iṣẹ́ wa. A máa yọ wọ́n kúrò, a ó wá ilé mìíràn fún yín."

"Ilé mìíràn?" ni Wẹ́dà wí. Ó dìde, ó sì gbàgbé láti dágbére.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Wẹ́dà wọ ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, èyí tí iná irin ti dá ihò wẹ́wẹ́ sí. Kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dárúkọ ètò kankan. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

"Àmì dà?"

"Mi ò ní àmì kankan lónìí, Màmá."

"Ta ló wá rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi." Ó gbé ọwọ́ lé pákó ilẹ̀kùn. "Ilé mi ló dá jù. Mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Kódà tẹ́ ò bá ṣí i, ẹ jẹ́ kí n dúró síbí bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀."

Kò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan rí, títí kan àwọn ọmọ rẹ̀. Pákó ló wá ń sọ ọ́ fún. Ojú tì í.

Ó gbọ́ tí wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn sì ṣí gbayawu.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ṣí i? Mo lè jẹ́ olè o."

"Látọjọ́ tó o ti gbé ìràwọ̀ ẹ dé ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. Ojú mi ò tíì fọ́."

Inú bí Wẹ́dà. "Ẹ wá fi mí sílẹ̀ níta!"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi lò ń wá wò ni, àbí iṣẹ́ ọ́fíìsì lò ń jẹ́. Tí mo bá ṣí i fún àmì, báwo ni mo ṣe máa mọ̀?" Ó fara ti ilẹ̀kùn. "Èmi náà ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn."

"Wọ́n fẹ́ yọ orúkọ yín kúrò."

"Kí wọ́n yọ ọ́." Ó wò ó látòkè délẹ̀. "O ti rù. O ti jẹun?"

Nígbàkígbà tí àwọn ọmọ Wẹ́dà bá bi í bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, kíá ló máa ń ní òun ti jẹun, kí wọ́n lè ráyè bá tiwọn lọ.

"Rárá, Màmá," ni Wẹ́dà wí, omijé sì dà lójú rẹ̀. "Mi ò tíì jẹun."

Màmá Tíṣà fà á lọ́wọ́ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.