Ìbọ̀sẹ̀ Ẹsẹ̀ Òsì

Òfin kan ṣoṣo ni mo ní nínú yàrá ìfọṣọ mi ní ilé ìkọ́ṣẹ́ bọ́ọ̀lù yìí: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ta ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ ní kókó kó tó jù wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀. Ogún ọmọ, ogójì ìbọ̀sẹ̀, gbogbo wọn funfun, nọ́ńbà àti àmì ọ̀tún tàbí òsì nìkan ló wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Ẹni tí kò bá ta tirẹ̀ pọ̀, kó má bi mí léèrè èkejì. Àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n lè gbàgbé láti wẹ̀, wọn kì í gbàgbé kókó.

Nítorí náà, nígbà tí ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún nọ́ńbà kọkànlá nìkan jáde nínú apẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mo rò pé àṣìṣe ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀tún nìkan ló tún jáde. Lọ́jọ́rú, mo ránṣẹ́ pe ẹni tó ni ín.

Atẹ́gùn là ń pè é, nítorí bó ṣe ń sáré. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í dákẹ́ ẹ̀fẹ̀.

“Ẹ káàsán, Màmá.”

“Ìbọ̀sẹ̀ òsì ẹ ńkọ́?”

“Ó sọnù, mà.”

“Ó sọnù lọ́jọ́ Ajé, ó tún sọnù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Irú ìbọ̀sẹ̀ wo nìyẹn?”

“Bóyá ó ti lọ forúkọ sílẹ̀ ní ẹgbẹ́ mìíràn, Màmá.”

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo wá ní, “Gbé ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹ sókè.” Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

Aṣọ ìnura tó ti gbó ló fi wé orúnkún rẹ̀ òsì. Nígbà tí mo tú u, kò sí ibi tí mo ti lè sọ pé orí orúnkún nìyí. Ó ti wú bí búrẹ́dì tí kò tíì wọ ààrò. Àwọn ìbọ̀sẹ̀ náà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń kó wọn sí. Ẹnu wọn ti fẹ̀, òórùn ìpara ìrora sì mú lára wọn tó fi ń ta ni nímú. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá fọ̀ wọ́n á mọ̀.

“Ta ló tún mọ̀?”

“Èmi àti ẹ̀yin.”

“Dókítà eegun ńkọ́?”

“Tí dókítà bá mọ̀, kóòṣì mọ̀. Tí kóòṣì bá mọ̀, mo ti délé nìyẹn.”

Irọ́ kọ́ ló pa. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ni ilé ìkọ́ṣẹ́ yìí kò fún wa ju bẹ́ẹ̀dì ogún lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń fẹ́ wọlé kún ẹnu géètì. Ọ̀gá Àgbà ẹgbẹ́ ṣòfin pé ọmọ tó bá fara pa, tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó gbé bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọ̀gá Àgbà ló ṣòfin, ṣùgbọ́n kóòṣì wa ló máa ń pe àwọn ìyá wọn pé kí wọ́n wá mú wọn lọ.

“Àbámẹ́ta ni kóòṣì ẹgbẹ́ àgbà ń bọ̀ wá wò wá,” ni Atẹ́gùn wí. “Tó bá mú mi, mo tọwọ́ bọ̀wé nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta péré, Màmá. Ẹ bá mi dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹsẹ̀ bá fẹ́, kó já.”

“Ẹsẹ̀ kì í já kó tún hù, ọmọ mi. Kì í ṣe irun.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

Mo sọ fún un pé mo máa rò ó. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ mú un wá, kóòṣì na ọwọ́ sí ìyá náà, ìyá kọjá lọ́dọ̀ kóòṣì, ó wá di ọwọ́ mi mú. “Ẹ̀yin náà bímọ,” ló wí. “Ẹ bá mi wò ó.” Gbogbo ìyá ló ń sọ ọ́. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà níbí ni mo ti ń gbọ́ ọ, kò tíì mọ́ mi létí.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé aṣọ gbígbẹ lọ sí ilé tí wọ́n ń sùn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń súfèé lórí àtẹ̀gùn. Mo gbójú sókè. Atẹ́gùn ni. Ìdí ló fi ń sọ̀ kalẹ̀, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú bí igi. Ìfé yẹn ló fi ń bo ara rẹ̀, kí ẹni tó bá gbọ́ lè rò pé eré ló ń ṣe. Mo gbé aṣọ mi, mo padà sẹ́yìn kó tó rí mi. Ọ́fíìsì kóòṣì ni mo gbà lọ.

Kóòṣì wa ti gbá bọ́ọ̀lù jẹun rí. Ó ń tiro láti ìgbà náà. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, búrẹ́dì tó jẹ kù ṣì wà lórí àwọn ìwé.

“Kóòṣì, orúnkún Atẹ́gùn ti wú. Kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.”

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìyá wa, kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ fún mi?”

“Ta ni kí n sọ fún?”

“Èmi náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò bá jẹ́ kó di ọjọ́ Àìkú.”

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ojú.

“Ọdún méjì rèé tí ẹgbẹ́ àgbà kò mú ọmọ kankan níbí. Ọ̀gá Àgbà ní tí kò bá sí lọ́tẹ̀ yìí, àwọn máa ti ilé yìí pa, wọ́n á sọ pápá di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Atẹ́gùn nìkan ni mo ní. Àwọn yòókù, ẹ̀yin náà ń rí wọn.”

“Mo ń rí wọn. Èmi ni mò ń fọṣọ wọn.”

“Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú péré ni, Ìyá wa. Bóyá ẹsẹ̀ náà á gbé e.”

“Ẹsẹ̀ tiyín ńkọ́? Ìṣẹ́jú mélòó ló gbé yín?”

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì bí ẹni wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo jáde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kóòṣì ti ìwé orúkọ bọ abẹ́ ilẹ̀kùn mi bó ṣe máa ń ṣe. Èmi ni mo máa ń lọ jẹ́sì àwọn tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, màá sì fi kọ́ sórí ìṣó nínú yàrá ìmúra. Ẹni tí jẹ́sì rẹ̀ kò bá sí lórí ìṣó kò gbá nìyẹn, kì í sì í béèrè. Jẹ́sì ìdíje kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní, kò sí èkejì tí wọ́n lè fi pààrọ̀ rẹ̀.

Mo ka ìwé náà títí dé ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà kọkànlá ló gbẹ̀yìn, lẹ́yìn àwọn tó máa jókòó sẹ́bàá pápá, bí ẹni pé kóòṣì fẹ́ gbàgbé rẹ̀ tí kò rí i gbàgbé.

Mo lọ gbogbo jẹ́sì yòókù. Nígbà tó kan kọkànlá, ó mọ́, ó gbẹ, kò sí ohun tó ṣe é. Mo dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Mo wá bu omi sínú bàsíà, mo tẹ̀ ẹ́ rì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Atẹ́gùn wọlé wá bá mi, ṣòkòtò péńpé nìkan ló wọ̀.

“Màmá, jẹ́sì mi dà?”

Mo fi ọwọ́ tọ́ka sí bàsíà. Ó wò ó, ó wò mí. Ó fà á jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, omi ń ṣàn sí i lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kóòṣì wọlé.

“Màá wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, Kóòṣì. Á gbẹ sí mi lára.”

Láti ọdún mẹ́sàn-án, jẹ́sì kankan kò tutù mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìdíje rí. Kóòṣì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo bàsíà, ó wo orúnkún ọmọ náà, ó wá wojú mi.

“Kò tíì gbẹ, Ìyá wa?”

“Kò tíì gbẹ, Kóòṣì.”

Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀. “Jẹ́sì ẹ ò sí lórí ìṣó,” ló sọ fún Atẹ́gùn. “Máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nísinsìnyí.” Ó yíjú, ó tiro jáde.

Atẹ́gùn ju jẹ́sì náà padà sínú omi.

“Ẹ̀yin náà, Màmá,” ló wí. Kò tilẹ̀ pariwo.

A gbá ọ̀mì lọ́jọ́ náà. Kóòṣì ẹgbẹ́ àgbà ti wọ mọ́tò rẹ̀ lọ kí wọ́n tó fun fèrè ìparí, kò mú ẹnikẹ́ni. Dókítà ní kí orúnkún náà sinmi fún oṣù mẹ́ta, òfin sì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kóòṣì ti kọ̀wé bẹ Ọ̀gá Àgbà nítorí bẹ́ẹ̀dì, wọn kò tíì dá a lóhùn. Ti ilé ìkọ́ṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ nǹkan kan fún wa.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá rẹ̀ pè mí.

“Ṣé ọmọ mi á rìn?”

“Á rìn dáadáa.”

Ó bú sẹ́kún. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ayọ̀ ẹsẹ̀ tó yè ló ń sun, tàbí ti bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ pàdánù, mi ò sì bi í.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo da apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ nọ́ńbà kọkànlá wà níbẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Atẹ́gùn ti ta wọ́n ní kókó, ó fà á le débi pé èékánná mi kò ràn án. Eyín ni mo fi tú u, pẹ̀lú òórùn ìpara yẹn nímú mi. Mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sóòrùn pẹ̀lú méjìdínlógójì yòókù.